Ìpátá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Oríkì Wa

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lọ́wọ́, pẹ̀lú èéfín igi tí kò gbẹ dáadáa tó ń ta ojú, ni ó máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi bí mo bá ti rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Oko ló ń gbé, ní ìhà Ijoun, níbi tí ọ̀nà tó wá láti Ayétòrò ti ń tínrín sí i títí tó fi di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ fi ń pè é ní Màmá Oko. Ìgbàkígbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ni bàbá mi máa ń kó wa lọ bá a, kí a lè ràn án lọ́wọ́ nídìí ẹ̀gẹ́. Bí a bá ti yọ báyìí, kò ní dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, kò ní gbé igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò wá pàdé wa lọ́nà:

Ọmọ ìpátá, ẹ káàbọ̀.
Ọmọ ìpátá tí kò bá wọn sá.
Ọlọ́lá di ẹrù, ó forí lé ọ̀nà,
Ìpátá jókòó, ó ń sun iṣu jẹ.
Ogun dé, ó bá ìpátá nílé,
Ogun lọ, ó fi ìpátá sílẹ̀ lórí ilẹ̀.
Ta ní fún yín nílẹ̀? Kò sẹ́ni tó fún wa.
Àwa la jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà ni yóò bu gàrí gbígbóná sí wa lọ́wọ́, àwa a sì máa fẹ́ ẹ bí a ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé kò sí orúkọ tó dùn tó ìpátá láyé yìí. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, èmi ló sì máa ń pè ní "ìpátá mi" ju gbogbo wa lọ, pàápàá bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tó jìn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Jàgùdà ni wọ́n mọ̀, tàbí ọmọ ìta. Èmi tí mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ní ìwà púpọ̀ tó ìpátá. Ọmọ tó gbé báàgì kúrò nílé láàárọ̀, tí kò dé kíláàsì, tó lọ ń ká máńgòrò lóko olóko, ìpátá ni. Ọkùnrin tí kò níyàwó, tí kò nílé, tó sì ń bú gbogbo ayé, ìpátá ni òun náà. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tí kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ lè fi Ìpátá sọ ọ́ lórúkọ, kó sì máa rẹ́rìn-ín bó ti ń pè é. Ọdẹ tó ń sun ìjálá lè pe ọ̀bọ tó ń jí àgbàdo ní ìpátá orí igi, kò sì ní í jẹ́ pé ó bú u. Ní Owódé, lẹ́bàá ẹnubodè, mo ti gbọ́ tí ìyá kan ń kí ọmọ rẹ̀ tó gba inú igbó gbé ìrẹsì kọjá mọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú, ó ní, "Ìpátá mi dé o," omi ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀. Èébú ni lẹ́nu ẹni tó ń bínú, ìkẹ́ ni lẹ́nu ẹni tó fẹ́ni, ìtàn ni lẹ́nu ẹni tó ń ki oríkì. Olè kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Olè, olè náà ni, níbikíbi tí o bá ti pè é. Mo mọ gbogbo èyí lónìí. Nígbà tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí mi ni ọjọ́ kan tí Màmá Oko wá wò mí ní ilé ìwé girama tí mo wà ní Ayétòrò. Ó ru gàrí àti ẹ̀pà wá fún mi, ó dúró lẹ́nu géètì lákòókò tí gbogbo wa jáde lọ jẹun ọ̀sán, bó sì ti fojú kàn mí ló bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ ìpátá tí kò bá wọn sá!" Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà títí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ mi mọ́. Ọmọ Ìpátá ni mí ní kíláàsì, Ọmọ Ìpátá ni mí ní pápá, àní tíṣà ìṣirò fi pè mí síwájú pátákó lọ́jọ́ kan. Bí ọṣẹ tàbí mílíìkì ẹnikẹ́ni bá sọnù, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Jésù gba ohùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kó má ṣe gba nǹkan mìíràn, ohùn nìkan. Ẹ rí i pé mo lójú àánú.

Ìtàn tó wà nídìí oríkì náà kò ṣòro. Ọmọ Kétu ni baba ńlá wa. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló lé e jáde nítorí kì í ṣiṣẹ́, kì í gbọ́ràn, kì í sì í kó ọwọ́ rẹ̀ ró. Ó rìn títí ó fi dé etí odò tí oko wa wà, ó pàgọ́ sí igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, nítòsí àwọn tí kò fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń bọ̀, gbogbo àwọn ọlọ́lá àdúgbò náà di ẹrù, wọ́n kó aya kó ọmọ, wọ́n sá gba ọ̀nà Ìlaro lọ. Ìpátá kò ní ẹrù tí yóò dì, kò sì níyàwó tí yóò kó. Ó jókòó. Iṣu tí àwọn tó sá fi sílẹ̀ nínú ebè ló ń wà jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun pàgọ́ sí òdìkejì odò, ó ń yọ́ wọlé lọ jí iyọ̀ wọn kó, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gé okùn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, tó ń kó wọn sá wọ igbó rẹ̀. Nígbà tí ogun tán, tí àwọn ọlọ́lá padà dé, wọ́n bá oko ńlá, wọ́n bá Ìpátá àti àwọn tó tú sílẹ̀ tí wọ́n ń dáko. Kò sẹ́ni tó fún un nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Oko kì í fi ohunkóhun pa mọ́ nínú ìtàn yìí, títí kan iṣu tí wọ́n jí. Ó ní ẹni tó bá kì ọ́ láìki àléébù rẹ, ẹlòmíràn ló kì. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń ronú pé àwọn arúgbó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo ti di tíṣà Yorùbá, mo sì ń ṣe fáàrí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde, nígbà tí ìjọ wa fẹ́ fi bàbá mi jẹ Bàbá Ìjọ. Tíṣà ni bàbá mi náà, gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé ìjọ. Ìdílé pinnu pé a ó tẹ ìwé kékeré kan tí a ó pín fún àwọn àlejò níbi ìdúpẹ́, tí yóò sọ ìtàn wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni kó kọ ọ́ bí kò ṣe ọmọ wọn tó kàwé Yorùbá? Mo gba oko lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ti Màmá Oko, ó ń sọ, mo ń kọ. Kò ṣe ìmẹ́lẹ́, kò fo nǹkan kan, ó sì ń dúró dè mí bí ọwọ́ mi bá ti falẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ìpátá mi, kọ ọ́ kó dúró ṣinṣin o. Àwa tó mọ̀ ọ́n lórí ò pọ̀ mọ́."

Mo délé, mo jókòó sí tábìlì, mo wo ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ibi tó wà. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé mi nínú rẹ̀. Mo ronú àwọn àlejò tó máa ti Èkó àti Abẹ́òkúta wá, mo ronú Bíṣọ́ọ̀bù tó máa mú ìwé náà lọ́wọ́. Mo mú bírò pupa tí mo fi ń máàkì ìwé ọmọ, mo fà á lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ òpó kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi tì í. Bí kì í bá ṣe ìpátá, kí ló ń ṣe lóko nígbà tí gbogbo ènìyàn sá? Kí ló dé tí kò níyàwó? Báwo ló ṣe rí ilẹ̀? Ni mo bá sọ ọ́ di ọmọ ọba láti Kétu. Mo jẹ́ kó dé lẹ́yìn tí ogun tán, pẹ̀lú ìránṣẹ́ àti ẹṣin kan. Mo wá kọ ọ́ pé àwọn ará Òkè Odò, ìyẹn ìdílé tí oko wọn bá tiwa pààlà, fi ọ̀yàyà gbà á lálejò, wọ́n sì fi tayọ̀tayọ̀ bùn ún ní ilẹ̀ tí yóò máa dáko sí. Inú mi dùn sí "tayọ̀tayọ̀" yẹn lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Mo kà á sókè fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá mi ka ìwé náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo ti fọ aṣọ ìdílé wa mọ́. Òun náà mọ ìtàn, ó kéré tán ó gbọ́ ọ léwe, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nílẹ̀ dára ju èyí tó gbọ́ lọ, ó sì gbà á. Àwọn yòókù tó lè kà á kò mọ ìtàn. Àwọn tó mọ ìtàn kò lè kà á. Màmá Oko gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ mi níbi ìdúpẹ́, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó fi ìborùn wé e, ó sì gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ń fi í han gbogbo ẹni tó bá yà lóko. Èmi ní tèmi ń gba ìyìn. Àwọn alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n máa kà á fún àwọn ọmọ láwọn ilé ìwé kan lágbègbè wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní òǹkọ̀wé. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, èmi a máa tún gèlè ṣe.

Ó tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà kí àwọn ará Òkè Odò tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn awọnlẹ̀ wá sóko. Ọ̀nà tuntun ń bọ̀, gbogbo ẹni tó nílẹ̀ sì ti ń fi ojú mìíràn wo ilẹ̀. Wọ́n ní àgbàtọ́ ni wá, pé àwọn baba àwọn ló gba baba wa láàyè, nítorí náà kí a máa san ìṣákọ́lẹ̀ tàbí kí a kó ẹrù wa. Ẹjọ́ dé kóòtù ní Ìlaro. Màmá Oko ni lọ́yà wa fi ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nítorí òun ló dàgbà jù nínú wa, òun ló sì ń gbé orí ilẹ̀ náà. Ẹ̀rù kò bà á rárá. Ẹ lè bi mí pé ṣé n kò rántí ìwé mi ni. Mo rántí rẹ̀. Mo rò pé ìwé ìdúpẹ́ lásán ni, ta ni yóò gbé ìwé ìdúpẹ́ wá sí kóòtù?

Nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ni ilẹ̀ ṣe di tiwa, Màmá Oko ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dìde, nítorí òun kì í jókòó ki baba òun. Ó kì í láti òkè délẹ̀. Akọ̀wé kóòtù gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti ń béèrè pé ta ní fún wa nílẹ̀, àwọn àgbà Òkè Odò tó jókòó lápá kejì tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí àwọn náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyàwó ilé wọn ti fi kí wa rí níbi ìgbéyàwó, wọ́n sì ti gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Mo wo ojú adájọ́, mo rí i pé ó ti gbà á gbọ́. Lọ́yà tiwọn wá dìde pẹ̀sẹ̀, ó mú ìwé àwọ̀ ewé kan jáde.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ mọ ìwé yìí?"

Màmá Oko rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ mi tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ló kọ ọ́."

"Ṣé òtítọ́ ni ohun tó kọ síbẹ̀?"

"Ọmọ mi kì í purọ́. Èmi gan-an ni mo jókòó tí mo sọ ọ́ fún un, ọjọ́ méjì."

Lọ́yà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó kà á sókè, títí kan tayọ̀tayọ̀. Màmá Oko kọ́kọ́ rò pé ìwé mìíràn ló ń kà. Ó ní kó wò ó dáadáa. Nígbà tó tún un kà, ó yí orí padà, ó wò mí. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ìwò náà. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n sọ fún lọ́yà pé ó ṣi ìwé kà.

Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Lọ́yà wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí n wá jẹ́rìí, kí n búra, kí n sì sọ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi hun apá ibẹ̀ yẹn, pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Gbólóhùn kan péré. Mo ní màá sọ ọ́. Nígbà tí a dé ilé bàbá mi, Màmá Oko kò pariwo, kò sì bú mi. Ó jókòó sórí àga, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo. "Kí ni ìpátá ṣe ọ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sọ fún un nípa ilé ìwé, nípa géètì, nípa ọṣẹ àti mílíìkì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Lọ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀." Mo búra fún un pé màá sọ ọ́.

Ọjọ́ tí mo jẹ́rìí, kóòtù kún. Ọ̀gá ilé ìwé mi wá, ó ní òun wá fún mi ní ìṣírí. Àwọn tíṣà méjì tẹ̀lé e. Orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì ọ̀gá lọ́dún náà, mo sì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ lé Bíbélì. Lọ́yà wa bi mí léèrè bí ó ti kọ́ mi, mo la ẹnu láti sọ ọ́, lọ́yà kejì sì dìde, ó ní òun fẹ́ kí adájọ́ kíyè sí ohun tí tíṣà yìí fẹ́ sọ, nítorí ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń kà fún àwọn ọmọ lágbègbè wa. Adájọ́ ní kó jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo wo ọ̀gá mi. Ó ń mi orí sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fún mi ní ìṣírí.

Mo ní, "Ohun tí àwọn àgbà sọ fún mi ni mo kọ."

Lọ́yà wa tún un bi mí. Mo tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Irọ́ ni ní ti irú èmi. Èmi kò fẹ́ ikú, n kò fẹ́ ẹ̀sín, oko Màmá Oko ni mo fi san dípò méjèèjì. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi pè é ní ẹ̀rù. Ìgbéraga ni. Mo fẹ́ràn orúkọ òǹkọ̀wé ju obìnrin tó bu gàrí sí mi lọ́wọ́ lọ, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe bí mo ti ń ṣe é.

Adájọ́ ní ẹnu ìdílé wa kò kò, pé ohun tí màmá wa fi ẹnu sọ àti ohun tí ọmọ wa fi ọwọ́ kọ kọjú ìjà síra wọn, àti pé ẹni tí a bá bùn nílẹ̀ láti máa dáko, àlejò lórí ilẹ̀ náà ni. A kó kúrò lóko kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Wọ́n jẹ́ kí a tu ẹ̀gẹ́ tó ti gbó. Èyí tí kò gbó, a fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé Màmá Oko wá sí Ayétòrò, sí ilé bàbá mi, wọ́n fún un ní yàrá tó kọjú sí títì. Kò ní ibi tí yóò ti yan gàrí, ó sì ń ra gàrí jẹ ní ọjà, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣẹ́jú. Èmi di igbákejì ọ̀gá.

Ìyà tí mo ń retí kò dé. Mo ń retí kó ṣépè, kó lé mi jáde, kó kọ oúnjẹ mi. Dípò èyí, nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé lọ kí i lẹ́yìn ìdájọ́, tí mo kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ṣé dáadáa lẹ dé?" "Ẹ" ni ó fi ń kí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wẹ̀ mí, tó pọ̀n mí, tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tì mí lórí ẹní, ń bá mi sọ ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi kú. Kò sí ọjọ́ kan tó gbàgbé.

Nígbà tí a ń sìnkú rẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwa obìnrin tí a bí sínú ilé, ki oríkì òkú kí a tó gbé e jáde. Àwọn àgbà inú wa ti lọ tán. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn mi kò dára ṣùgbọ́n mo ń kì í. N kò tíì dé ìlà kẹta tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé wa fi dì mí lápá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìpátá kọ́ ló yẹ kí á máa pè níwájú àlùfáà." Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìwé àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sórí òkú Màmá Oko, ọmọ ọba, ẹṣin, ọ̀yàyà, ilẹ̀ tí wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ bùn wá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ará Òkè Odò ti gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì, bùlọ́ọ̀kù ló sì wà níbi tí ààrò gàrí wà. Àwọn oníròyìn rédíò máa ń wá bá mi kí n sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n sì bi mí nípa ìpátá lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáadáa, wọ́n sì yìn mí. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òwe yìí. Tèmi ti kọjá ogún ọdún, òtítọ́ ò tíì lé e bá, ó sì dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ìdílé jẹ́ kí a tún ìwé náà tẹ̀ kí n lè kọ ọ́ bó ti rí. Wọ́n ní kí n fi òkú sílẹ̀ kó sùn, pé ọ̀kan nínú wa ń wá oyè, kò sì dára kí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa baba ńlá rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní Ìdógò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo bá a tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìtàn ibi tí ìyá wọn ti wá. Mo jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ohun tí mo sọ ní kóòtù. Ó tẹ́tí sí mi pẹ̀lú sùúrù. Ó mú ọwọ́ mi, ó ń fọwọ́ pa á, ó sì ní, "Màmá, ọjọ́ ti pẹ́, ọkàn yín ló ń da àwọn nǹkan pọ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́." Ó wọlé, ó sì ń bá ìkọ́ni rẹ̀ lọ. N kò lè bínú sí i. Ohun tí àgbà ilé rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún un ló gbà gbọ́, èmi sì ni àgbà náà.